Orí Kẹrin: Orúkọ Tí Mi Ò Gbọ́dọ̀ Pè

Ẹ̀wà ni mo ń ṣà lọ́wọ́ nígbà tí Etí-Ilé, ẹ̀rọ inú ògiri wa, pe orúkọ ọmọ mi. Iná tó wà lára ògiri àgbàlá, tó máa ń funfun láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, ṣàdédé di àwọ̀ òféèfèé, gbogbo òfì tó ń dún nínú ilé sì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọdún méje gbáko la ti ń retí àwọ̀ yẹn.

"Agbo ilé Aláṣọ-Oòrùn, ẹ fetí sílẹ̀," ni ohùn inú ògiri wí. "Ọmọ kan ṣoṣo là ń mú ní ọdún méje-méje. Ẹni tí a rí ni Fọlárìn, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ìbéèrè rẹ̀ jẹ́ ẹgbàajì ó lé mẹ́rìndínlógún. A ó ka mẹ́ta nínú wọn sí yín létí."

Mo dìde. Ọpọ́n ẹ̀wà dojú dé, mi ò bojú wẹ̀yìn.

"Ìkíní: Bí omi bá ti ń hó, kí ló dé tí kì í gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ́, bí a tilẹ̀ ń ko iná kún iná? Ìkejì: Òjìji òrùlé ti kúrò níbi tó wà láàárọ̀. Mo jókòó tì í, mi ò ṣẹ́jú. Ìgbà wo ló gbéra? Ìkẹta: Etí-Ilé mọ gbogbo ohun tí a bi í. Ṣé ó mọ ohun tí ojú ń tì wá láti bi í?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín sí ìkẹta, lẹ́yìn náà ariwo ayọ̀ sọ. Wọ́n gbé Fọlárìn sókè. Ẹ̀gbà òféèfèé kan já bọ́ láti inú ihò tó wà lábẹ́ iná náà, Bàbá Fọlárìn fi sí i lọ́wọ́, ẹ̀gbà náà sì pa ẹnu dé fúnra rẹ̀. Irú ẹ̀gbà bẹ́ẹ̀ kì í ṣí mọ́ àfi lórí Òkè Àwárí, níbi tí ọmọ tí wọ́n bá mú ń lọ kàwé, tàbí bí Etí-Ilé fúnra rẹ̀ bá gba orúkọ padà.

Ní ìbéèrè kìíní, omijé ayọ̀ ti dé ojú mi. Ní ìkejì, omijé náà dúró. Ní ìkẹta, àyà mi já, nítorí mo rántí ibi tí mo dúró sí nígbà tí wọ́n béèrè rẹ̀. Mo rántí ohun tí mo ń sè. Mo sì mọ ẹnu tó ti jáde.

Kì í ṣe ẹnu Fọlárìn. Ẹnu ọmọ ìyálé mi ni.

Ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní Òpéléńgé, nítorí orúkọ tí èmi fún un nìyẹn. Ọmọ oṣù mẹ́ta ni nígbà tí mo wọ ilé yìí ní ìyàwó, ọdún méjìlá sẹ́yìn. Ẹni tí ìyàwó bá sì bá nílé, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́, ọkọ rẹ̀ ni. Ìyàwó kì í pe ọkọ lórúkọ. Gbogbo nǹkan ló ti yí padà láyé yìí. Aṣọ tí à ń hun ń mu oòrùn, ó sì ń tan iná fún ìdajì ìlú. Ògiri ń sọ̀rọ̀. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ mọ́ àfi ẹyọ kan ṣoṣo tó wà lórí Òkè Àwárí, nítorí kí lẹ tún fẹ́ kọ́ ọmọ tí ògiri kò lè dá a lóhùn? Ṣùgbọ́n kí ìyàwó ilé la ẹnu pe ọmọ tó bá nílé lórúkọ, ẹ ó gbọ́ igbe Ìyá Àgbà, ìyá ọkọ wa, dé òpópó.

Òpéléńgé ni mo ń pè é, torí ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọrùn rẹ̀ sì gùn. Mo tún sọ ọ́ lórúkọ náà kí n má baà ní láti yìn ín fún ohun mìíràn.

Kí n má parọ́ fún yín, mo jowú ọmọ yẹn kí ó tó mọ ìrìn í rìn dáadáa. Òun àti Fọlárìn kò ju ọdún kan lọ síra. Ọjọ́ tí Fọlárìn pe "ìyá" fún ìgbà àkọ́kọ́, mo sáré jáde pé kí n sọ fún wọn, mo bá Òpéléńgé níbi tó ti ń bi Ìyá Àgbà pé ta ni ìyá ìyá rẹ̀. Mo padà sínú yàrá, mi ò sọ fún ẹnì kankan. Gbogbo ìgbà ló ń rí bẹ́ẹ̀. Bí tèmi bá fò, tiwọn á ti fò kọjá, á tún ti jókòó.

Ìyálé mi, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ni ọwọ́ rẹ̀ dára jù nídìí òfì nínú ilé wa. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní oko oòrùn lókè Ọya, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń wálé. Ìyálé mi kì í fẹ́ ariwo. "Jẹ́ kí n gbọ́ ohùn òwú," ló máa ń sọ fún ọmọ rẹ̀, nítorí bí okùn tín-ínrín tó ń mu oòrùn bá fẹ́ já, ó máa ń dún díẹ̀ kí ó tó já. Nígbà tí ọmọ náà pé ọmọ ọdún mẹ́rin, ó kó ìbéèrè rẹ̀ kúrò níbẹ̀, ó kó o wá sí ilé ìdáná mi. Ẹ̀bá ààrò mi ló fi ṣe ibùjókòó.

Ṣé mo ń dá a lóhùn ni? Rárá o. Fọlárìn ni mo máa ń kígbe pè. "Fọlárìn, o gbọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ béèrè? Fọlárìn, ìwọ náà béèrè tìrẹ! Fọlárìn, ṣé o ò lẹ́nu ni?" Fọlárìn á ní, "Mo gbọ́, Màámi," á sì béèrè bóyá ẹran wà nínú ọbẹ̀. Bí ọmọ ìyálé mi bá ti béèrè ọ̀rọ̀ kan báyìí, orúkọ Fọlárìn ni mo máa lé e. Ọdún mẹ́jọ.

Kì í ṣe pé mo ká ọwọ́ lẹ́rán o. Mo mú Fọlárìn lọ bá olùkọ́ ìṣirò kan tó ti fẹ̀yìn tì, bàbá náà ní ọmọ mi ní sùúrù, ìyẹn ni pé ó ń sùn. Mo ra òróró ẹja tí wọ́n ní ó ń la ọpọlọ. Oṣù mẹ́fà ni ara ọmọ mi fi ń rùn bí etí odò. Mo kọ̀wé sí ẹgbẹ́ àwọn ọmọ tó ń wo ìràwọ̀, wọ́n ní kí ó fi ìbéèrè kan ránṣẹ́ kí àwọn fi mọ irú ọmọ tó jẹ́. Ohun tó kọ ránṣẹ́ ni pé, "Aago mélòó lẹ máa ń parí?"

Ọmọ dáadáa ni Fọlárìn. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bí ariwo ti ń rọlẹ̀, ìyálé mi wọlé tọ̀ mí wá pẹ̀lú ìdì aṣọ kan lábẹ́ abíyá.

"Ìyàwó, o kú oríire," ló wí.

"Ẹ ṣeun, ìyálé mi."

"Mo ti ń hun èyí bọ̀ láti ọdún méjì. Mo ní ẹni tí wọ́n bá mú nínú ilé yìí, òun ni yóò wọ̀ ọ́ lọ sórí òkè. Òtútù wà níbẹ̀."

Ó tú u. Mi ò rí irú aṣọ oòrùn bẹ́ẹ̀ rí. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án, ó ń tàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́ ọwọ́. A pe Fọlárìn, a wọ̀ ọ́ fún un. Kò gba èjìká rẹ̀. Ó gùn ju apá rẹ̀ lọ, ó sì há a láyà, torí ara ẹni tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Àwa méjèèjì wo aṣọ náà, a kò wo ara wa.

"Màá tú èjìká rẹ̀," ni ìyálé mi wí. "Màá fi kún un. Ọjọ́ mẹ́ta tó mi."

Ó ká aṣọ rẹ̀, ó sì jáde. Ǹjẹ́ ó mọ̀? Ìyá wo ni kò ní í mọ ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ rẹ̀? Ṣùgbọ́n ta ni yóò dìde láàárín ayọ̀ ilé, tí yóò ní ọmọ ìyàwó òun kọ́ ni ó gbọ́n, tòun ni? Wọn á ní owú ń jẹ ẹ́. Owú! Inú mi dùn pé owú lè kan òun náà lójọ́ kan. Mo jókòó sí ẹ̀bá ààrò, mo jẹ adùn yẹn títí ó fi korò lẹ́nu mi.

Mo bi Bàbá Fọlárìn, mo fi ṣe àwàdà. "Ẹ̀rọ yìí, ṣé kì í ṣe àṣìṣe ṣá?"

"Àṣìṣe bíi ti báwo?" Inú rẹ̀ ń dùn, ó ń fọ bàtà ọmọ rẹ̀. "Òfin kò gbà á láyè kí ó fi ohùn ọmọdé pamọ́, kò gbọ́dọ̀ ya àwòrán wọn. Orúkọ tó bá gbọ́ nínú yàrá nìkan ló ń kọ ìbéèrè sí. Orúkọ tó wà nínú ìwé ìbí, kì í ṣe ìnagijẹ. Orúkọ ọmọ wa ló gbọ́."

"Orúkọ ọmọ wa ló gbọ́," ni mo wí.

"Olùwárí tí wọ́n ń rán wá láti orí òkè ń bọ̀ lọ́jọ́ kẹta. Ìwọ ni ẹlẹ́rìí, torí ìwọ lo ni yàrá tí wọ́n ti béèrè. Kò le. Wọ́n á ní ta ló béèrè, wàá dárúkọ rẹ̀, ó parí."

Ó parí, àbí? Ta ló ń pe ọmọ ìyálé mi lórúkọ nínú ilé ìdáná mi? Èmi kò gbọ́dọ̀ pè é. Fọlárìn jẹ́ àbúrò, "ẹ̀gbọ́n mi" ló ń pè é. Ẹgbẹ̀rún ìgbà ni mo ti ké Òpéléńgé níbẹ̀, ògiri kò sì mọ ẹni tó ń jẹ́ Òpéléńgé. Ọmọ náà ti ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ láìní orúkọ, èmi sì wà níbẹ̀ tí mò ń lu orúkọ ọmọ tèmi mọ́ ògiri lójoojúmọ́. Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo mọ̀ ọ́n ṣe.

Mo pinnu lọ́jọ́ náà pé n kò ní sọ nǹkan kan. Àwọn àgbà ló ní ọmọ ẹni kò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Lórí òkè yẹn, olùkọ́ mẹ́wàá ni fún ọmọ kan, èèyàn gidi, tí wọ́n á jókòó tì í tí wọ́n á máa wá ohun tí ògiri kò mọ̀. Fọlárìn mi á débẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ á là. Bí wọ́n bá gbin igi sí ilẹ̀ tó dára, ṣé kò ní í dàgbà ni?

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ gbé igi ìdáná lẹ́yìn yàrá òfì. Mo gbọ́ ohùn ọmọ méjì.

"Tí wọ́n bá ní kí ló mú ọ béèrè ti omi, kí lo máa sọ?" Òpéléńgé ló ń bi í.

"Mo máa sọ pé... mo rí i pé Màámi ko iná sí i, ẹ̀wà kò sì tètè jinná."

"Ó dáa. Ti òjìji ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti rẹ̀ mí."

"Ẹ̀ẹ̀kan sí i. O kò fẹ́ kí wọ́n fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀, àbí o fẹ́?"

Mo já lù wọ́n. Fọlárìn fò dìde, ẹ̀gbà òféèfèé ń tàn lọ́wọ́ rẹ̀. Òpéléńgé kúnlẹ̀ kí mi bíi ti ojoojúmọ́.

"Fọlárìn, lọ pọn omi." Ó lọ. Mo yíjú sí ọmọ náà. "Ta ló rán ọ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, Ìyá Fọlárìn."

"Ìyá rẹ ńkọ́? Kò ní kí o wá?"

"Wọn ò mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wọn." Ó gbé ojú sókè. "Wọ́n á bi í léèrè ọ̀rọ̀ lọ́la. Tí kò bá rí nǹkan sọ, ojú á tì í níwájú gbogbo èèyàn, ojú á sì ti ẹ̀yin náà. Mo kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni."

"Ìwọ kò fẹ́ lọ sórí òkè ni?"

"Mo fẹ́ ẹ," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n máa béèrè. Ẹ ò lé mi rí. Ilé ìdáná yín ni."

Mi ò lé e rí! Bí ó bá mọ iye ìgbà tí ọwọ́ mi dé ara ìgbálẹ̀! Mo ní kí ó dìde kúrò níwájú mi kí ó lọ ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Bí ó ti ń lọ, ó dúró, ó wo òjìji òrùlé lórí ilẹ̀, kí ó tó tún gbé ẹsẹ̀. Bí ó bá sunkún, bí ó bá bú mi, bí ó bá pè mí ní olè, à bá jọ mọ ibi tí a dúró. Oore ló fi san án fún mi. Mo gbé igi wọlé, mo sì da ọbẹ̀ tó wà lórí ààrò nù láìròtẹ́lẹ̀.

Olùwárí dé ní ọjọ́ kẹta, nígbà tí oòrùn mú jù. Obìnrin kúkúrú kan ni, Ìyáàfin Ojútaláyọ̀ lorúkọ rẹ̀, irun rẹ̀ ti funfun, bàtà rẹ̀ sì kún fún erùpẹ̀ bí ẹni tó fẹsẹ̀ rìn wá. Mo ti rò pé wọ́n á rán ẹni gíga kan wá. Ó kí Ìyá Àgbà lórí ìkúnlẹ̀, ó mu omi, ó sì jókòó sórí àpótí ìdáná mi tí wọ́n gbé jáde sí àgbàlá, àpótí Òpéléńgé gan-an.

Gbogbo ilé kún àgbàlá. Ìyálé mi jókòó sí ẹnu ọ̀nà òfì rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ yẹn lórí itan. Ó ti tú èjìká rẹ̀ méjèèjì. Òpéléńgé dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Fọlárìn," ni Olùwárí wí, "kí ló mú ọ béèrè ti omi híhó?"

Fọlárìn sọ ọ́. Ó sọ ọ́ dáadáa. Ó sọ ti òjìji pẹ̀lú. Ìyá Àgbà pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú!" Bàbá Fọlárìn ń mi orí. Èmi nìkan ló rí i pé bí ọmọ mi bá fẹ́ sọ gbólóhùn kan, á kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà òfì, ètè ẹnìkan á sì mì níbẹ̀.

"O ṣeun," ni Olùwárí wí. "Ní báyìí, bi èmi gan-an ní ohun kan. Ohunkóhun."

Fọlárìn la ẹnu, ó pa á dé. Ojú rẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà òfì. Èyí kò sí nínú ohun tí wọ́n kọ́ sórí. Mo rí Òpéléńgé tó di ojú, tó ronú, bí ẹni tó ń wá owó nínú àpò ara rẹ̀ láti fi tọrẹ. Ètè rẹ̀ mì.

"Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ọmọ kiri," ni Fọlárìn wí, díẹ̀díẹ̀, "ta ló wá ẹ̀yin rí nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé?"

Ìyáàfin Ojútaláyọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó wo erùpẹ̀ ara bàtà rẹ̀. "Kò sẹ́ni tó wá mi," ló wí, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà. "Ogójì ọdún ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Kò sí ọmọ tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí."

Ó dìde, ó ní kí n wá gbé ọwọ́ lé ògiri. Mo gbé e lé e. Ògiri náà lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ ni ilé ìdáná náà. Ẹ̀rọ lè ṣì í gbọ́, ìdí nìyẹn tí a fi ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu èèyàn. Ta ló béèrè ìbéèrè omi híhó níbẹ̀? Bí ẹ bá ní orúkọ mìíràn, ẹ pè é ní gbangba. Bí ẹ bá dákẹ́, orúkọ tó wà nílẹ̀ ló dúró."

Bí mo bá dákẹ́! Ẹ rí bí ó ti rọrùn tó. Irọ́ kọ́ ni wọ́n ní kí n pa. Wọ́n ní kí n ṣe ìyàwó rere ni, kí n pa ẹnu mọ́ kí n má pe ọkọ mi lórúkọ, bí mo ti ń ṣe láti ọdún méjìlá. Ìyá Àgbà gan-an ì bá yìn mí. Mo mú ojú kúrò lára ògiri, mo wo Fọlárìn, òógùn ti bo imú rẹ̀. Mo wo Òpéléńgé. Ó ń mi orí sí mi jẹ́jẹ́, pé kí n dákẹ́, pé kò sí wàhálà.

Ìyẹn ló bà á jẹ́. Mo ti jowú ọpọlọ ọmọ yẹn, mo jowú ọrùn rẹ̀, mo jowú ọwọ́ ìyá rẹ̀. Mo lè fara dà á pé ó gbọ́n ju ọmọ mi lọ. Ọdún mẹ́jọ ni mo ti fi ń fara dà á. Ṣùgbọ́n kí ó tún lawọ́ jù mí lọ, kí ó dúró nínú àgbàlá mi kí ó máa fún mi ní ọ̀nà ara rẹ̀ bí ẹni tó ń bu iyọ̀ fún aládùúgbò, kí n sì máa jẹ iyọ̀ náà títí ọjọ́ ikú mi? Mi ò lè gbà á. Kí ẹnikẹ́ni má yìn mí. Owú ló ṣí mi lẹ́nu.

"Ìbídùnní," ni mo wí.

Orúkọ náà ṣàjèjì lẹ́nu mi, ó dà bí oúnjẹ ilé onílé. Mo tún un pè kí ó má baà dà bíi pé ó ṣèèṣì. "Ìbídùnní ló béèrè rẹ̀. Ìbídùnní ló béèrè ti òjìji, Ìbídùnní ló béèrè ohun tí ojú ń tì wá láti béèrè. Èyí tí ọmọ mi bi yín báyìí, ẹnu rẹ̀ ló ti gbà á."

"Yéè!" ni Ìyá Àgbà ké. "Ìyàwó! Ọkọ rẹ lo pè lórúkọ ní gbangba?"

Mo kúnlẹ̀. Ohun tí à ń ṣe nìyẹn. "Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi, ẹ dárí jì mí," ni mo wí fún ọmọ ọdún méjìlá. Ó ń wò mí, ojú rẹ̀ kún fún omi, ó dà bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun.

"Ẹ̀yin lẹ pè mí?" ló wí.

Iná ara ògiri ṣẹ́jú. Ohùn inú rẹ̀ ní òun ti gba orúkọ tuntun, òun ń fi bí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe rí tún ìwé ilé ìdáná tò. Gbogbo wa dúró. Nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Fọlárìn lára ògiri náà bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, ẹgbàajì, ẹgbẹ̀rún, igba, ó ń já bí òjò etí òrùlé, títí ó fi dúró sí mọ́kàndínlógójì. Mo mọ àwọn mọ́kàndínlógójì náà. Ẹran ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ̀gbà ọwọ́ ọmọ mi ṣí, ó sì bọ́ sílẹ̀. Olùwárí mú un, ó nù ún, ó lọ fi sí ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn.

Ìyálé mi kò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó mú abẹ́rẹ́, ó tẹ orí ba, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán èjìká aṣọ náà padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀.

Bàbá Fọlárìn bọ́ sí yàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn. Mi ò dá a lẹ́bi. Nígbà tí àwọn èèyàn tú ká, mo lọ bá Fọlárìn níbi tó jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó ń fi ìka pa ojú ibi tí ẹ̀gbà ti fi àmì sí lọ́wọ́ rẹ̀. Mo jókòó tì í. Mo fẹ́ sọ pé kí ó má bínú, ó wá dà bíi pé ọ̀rọ̀ náà kéré jù. Nínú yàrá òfì, wọ́n ń wọ aṣọ fún ẹnìkan, mo sì gbọ́ tí Ìyá Àgbà sọ pé ó bá a mu rẹ́gí. Mo ṣì ń jowú.

"Màámi," ni Fọlárìn wí.

"Ẹran wà nínú ọbẹ̀," ni mo wí. "Lọ bù ú."

"Kì í ṣe ẹran." Ó wo ẹnu ọ̀nà òfì fún ìgbà pípẹ́. "Ká ní èmi ni mo béèrè gbogbo wọn, tí ògiri wá kọ ọ́ sí orúkọ ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ìyá wọn ì bá pe orúkọ mi?"

"Fọlárìn!" ni mo wí, mo yíjú sí i. Mo gbé ojú sókè wo ògiri, torí òun ló máa ń dá wa lóhùn bí a kò bá mọ̀ ọ́n. Iná funfun rẹ̀ kàn ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, nọ́ńbà ọmọ mi kúrò ní mọ́kàndínlógójì, ó sì di ogójì.